OUT Níwájú Ọ̀rọ̀

Bí a bá ń ka ohun tí Ìlú Ìbíní fi lókìkí, Adó ilé Ọba, ìlú tí Ọ̀rànmíyàn tẹ̀ sí tí ó fi ọmọ rẹ̀ sórí ìtẹ́, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ tí ń bẹ ní àdúgbò Igun títí di òní, kò sí ẹni tí yóò ka Scrabble mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fún èmi, ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba gbé dé ibẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ilé kan ní ọ̀nà Sapele ni mo ti rí àgbà tí ó fi eré yìí hàn mí ní ìhòòhò. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ẹdó gidi, Pápá ni gbogbo wa sì ń pè é. Tí o bá kí i ní “Kóyo,” yóò dá ọ lóhùn láìgbé ojú kúrò lórí pátákó.

Ẹni tí ó bá ń bá mi bọ̀ ti mọ bí a ti ń fa táìlì àti bí a ti ń ka máàkì. N kò ní fi ìyẹn dá a dúró. Àwọn ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọ ara wọn ni mo fẹ́ sọ, àwọn tí Pápá pín sí agboolé-agboolé: agboolé RE, agboolé UN, agboolé OVER, àti èyí tí ó fẹ́ràn jù, agboolé OUT. Òun a dá a, àwa a gbè é: OUTRUN, OUTEAT, OUTSING, OUTPRAY, OUTSLEEP. Òyìnbó gbà pé ènìyàn lè ta ẹnìkejì rẹ̀ yọ nínú eré sísá, nínú oúnjẹ, nínú orin, nínú àdúrà, àní nínú oorun pàápàá. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. UNEATEN wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n UNEAT kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ́ ẹ yóò kó o nílẹ̀ tìtìjú-tìtìjú.

Gbogbo ọmọdé tí ó ní fóònù ló lè há ìwọ̀nyí sórí lónìí. Ibi tí a ń fi wọ́n sí ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú WEIGH. W jẹ́ 4, E àti I jẹ́ 1 lọ́kọ̀ọ̀kan, G jẹ́ 2, H jẹ́ 4: àpapọ̀ rẹ̀ 12. Ẹni tí yóò fi í ṣí eré gbọ́dọ̀ mú un gba orí ìràwọ̀ àárín tí ń bẹ ní ojú H lórí ìlà 8, ìràwọ̀ náà yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Lórí ìlà kan náà, ojú D àti ojú L ń sọ lẹ́tà tí ó bá bọ́ sínú wọn di ìlọ́po méjì kí á tó ṣírò ọ̀rọ̀. Bí W bá bọ́ sí D, 32 ni. Bí ó jẹ́ H ni ó bọ́ sí L, 32 náà ni. Ẹni tí kò rí ju owó ọjọ́ náà lọ yóò ní kò sí ìyàtọ̀, yóò sì tẹ́ ẹ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá yà sí.

Ìyàtọ̀ wà. Etí ìlà 8 ní òsì àti ní ọ̀tún ni ojú pupa tí ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta wà. Bí WEIGH bá parí sí L, àyè mẹ́ta péré ni ó kù kí ọ̀tá kan ojú pupa ọ̀tún: yóò fi ING sí i, WEIGHING, 48, bí kò bá ní ING, ó lè ní ERS, ó lè ní TED, àwọn lẹ́tà tí ó pọ̀ nínú àpò bí erùpẹ̀, nítorí E nìkan jẹ́ 12 nínú 100. Bí WEIGH bá bẹ̀rẹ̀ láti D, àyè mẹ́ta náà ni ó kù ní iwájú rẹ̀, OUT sì wọ ibẹ̀ gééré: OUTWEIGH, 45. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tẹ́ OUT gbọ́dọ̀ ní U, U kò sì ju 4 lọ nínú gbogbo àpò. Nítorí náà òsì sàn ju ọ̀tún. Ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní ọ̀gá ń dúró sí, ibí gan-an sì ni Pápá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo rántí ọ̀sán kan tí òun àti ọmọ yunifásítì kan láti Ugbowo jókòó; òjò ti ṣú, ẹni tó ni ilé ń pè wá sínú, Pápá kò sì dìde. WEIGH ni ó fi ṣí eré, W ní D. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ro pé àgbà ti ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Ohun tí kò rí ni táìlì méjì tí ó ṣẹ́kù níwájú Pápá: O àti U. Ọ̀kan nínú U mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn. T ni ó kù tí ó ń wá, T sì jẹ́ 6 nínú 100. Ó fa táìlì márùn-ún, ó tò wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ọmọ náà tẹ́ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Pápá sì na ọwọ́, ó fi táìlì mẹ́ta tí gbogbo wọn kò ju 3 lọ síwájú WEIGH, ó ka 45, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé àga rẹ̀ wọlé. Mo bi í léèrè nígbà tí a wọlé: bí T kò bá wá ńkọ́? Ó ní, “Mo ti gba 32 mi. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi?”

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti wo ohun tí ènìyàn tẹ́ sórí pátákó mọ́ láìro ohun tí ó fi pamọ́. Nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní 4 sí òdo ní ìlú Perth lọ́dún 2015, tí ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ẹnu ya àwọn oníwèé-ìròyìn pé àwọn ọmọ tiwa ń fi ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ tẹ́ kúkúrú. Ẹnu kò ya Pápá.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá ta á nísinsìnyí, fóònù ni olùkọ́ wọn. Wọn a kó lẹ́tà méje sínú rẹ̀, a pọ ọ̀rọ̀ fún wọn, wọn a ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi. Nígbà tí WEIGH bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sún un kúrò ní D sí E kí OUT má bàa kan ojú pupa, ó fi 8 sílẹ̀, ó gba 24, inú rẹ̀ sì dùn. Àyè mẹ́rin ni ó wà níwájú E. Méjì péré ni V nínú àpò, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ́ OVER, mo ka 60. Ó ní irọ́ ni, kò sí ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ yẹ ìwé wò fúnra rẹ̀.