Kámẹ́rà Kò Mojú Ẹnìkan

Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kan wọ léèsì funfun, kó wé gèlè funfun, kó jókòó síwájú ògiri tí wọ́n kùn ní funfun lọ́sàn-án gangan. Ẹ gbé kámẹ́rà dojú kọ ọ́, ẹ fi gbogbo ètò sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Léèsì yóò jáde ní àwọ̀ eérú, ojú ìyá yóò sì dúdú débi pé ilà tí wọ́n kọ fún un ní kékeré kò ní hàn mọ́. Ẹ wá mú bàbá kan tó wọ agbádá dúdú, kó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn: ojú bàbá yóò funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Kámẹ́rà kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ti gbà pé gbogbo ohun tó bá wà níwájú òun, bí a bá pò wọ́n pọ̀, àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Bó bá rí funfun tó pọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Bó bá rí dúdú tó pọ̀, á fi kún un. Kò mọ ìyá, kò mọ bàbá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ fọ́tò yíyà, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀: pé ẹ̀rọ tí kò mojú ẹnìkan ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí a fi ya àwọn tí ojú wọn kò ṣàjèjì sí wa.

Ìlú Eruku tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ní ìpínlẹ̀ Kwara, lójú ọ̀nà tó ti Òmù-Àrán lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Fọ́tógíráfà ìlú bíi tiwa kò lè sọ pé ẹyọ iṣẹ́ kan lòun ń ṣe. Ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC á wá ya pásípọ́ọ̀tù lówùúrọ̀, wọ́n á pè wá síbi ìsọmọlórúkọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọjọ́ Sátidé á sì jẹ́ ti ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú àgbà, tí àwọn ọmọ á ti Ìlọrin, Èkó àti òkè òkun wálé. Ẹni tí a ya pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, àwa náà la máa ya ìgbéyàwó rẹ̀, àwa la sì máa ya òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin bàbá wọn. Fọ́tógíráfà ìlú ńlá lè ṣe iṣẹ́ dé ọjọ́ ogbó kó má rí irú èyí.

Agbègbè wa yìí sì ti mọ iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ kí kámẹ́rà tó dé. Ìlú Osi ni gbẹ́nàgbẹ́nà Areogun ti gbẹ́gi títí ó fi kú ní 1954, Bándélé ọmọ rẹ̀ náà sì di gbẹ́nàgbẹ́nà. Bándélé yìí ló sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, lápá Odò-Ọ̀wà, ni Bámigbóyè ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tí ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí odindi àfihàn fún ní 2022. Ìpele mẹ́rin ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà yìí máa ń mú igi là kọjá. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń yọ ìrísí ńláńlá jáde lára igi, orí, àyà, ẹsẹ̀. Àlétúnlé ni wọ́n fi ń pín wọn sí wẹ́wẹ́. Dídán ló tẹ̀ lé e. Fínfín, ìyẹn ìlà ojú, irun dídì àti ọ̀ṣọ́ ara aṣọ, ló kẹ́yìn.

Mo gbà pé fọ́tò náà kò ní ètò mìíràn. Ibi tí ènìyàn máa dúró sí àti ohun tó máa wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ọnà lílé. Bí ó ṣe máa gbé èjìká, ọwọ́ àti ojú ni àlétúnlé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń dán an. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni fínfín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ yìí báyìí, láti ibi fínfín ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ya ènìyàn síwájú ààtàn, wọ́n á wá lọ fi áàpù dán ojú rẹ̀ títí ilà, àmì àbímọ́ àti ìhunjọ ẹ̀rín á fi parẹ́. Ìyá tí wọ́n bá gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fún á ní ó dára, àmọ́ á tún béèrè pé ta nìyí.

Àwọn àgbà fọ́tógíráfà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìjókòó sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí fọ́tò láàárín Yorùbá, Ìlá-Ọ̀ràngún ló sì ti rí púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà máa ń jókòó gbagidi, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ojú méjèèjì á hàn, ọwọ́ á wà lórí orúnkún, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ, a ó sì rí i láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, fọ́tógíráfà á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé kan. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ ọmọ náà láṣọ bí ọkùnrin, wọ́n á tún wọ̀ ọ́ bí obìnrin. Fíìmù ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kíkó àwòrán méjì pọ̀ sójú kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kó lọ wo álúbọ́ọ̀mù àwọn ìyá wa.

Ohun tí kámẹ́rà òde òní mú wá ní tòótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ yá kánkán. Ní Kodak ní 1975, Steven Sasson ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́, tí kò lo fíìmù: tóótòòtó 10,000 péré ló wà nínú àwòrán rẹ̀, ó sì ń gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 23 kó tó kọ ẹyọ kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Lóde òní, kí ojú tó ṣẹ́, àwòrán ti hàn lẹ́yìn kámẹ́rà. Nígbà fíìmù, 36 ni ẹ ní nínú róòlù kan, ẹ ò sì ní mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Nísinsìnyí, ẹ lè ya ìyá tó wọ léèsì, kí ẹ wò ó, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní ìlọ́po méjì, kí ẹ tún un yà kí ó tó dìde. Ẹ lè ya bàbá tó wọ agbádá dúdú, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Ọ̀sán kan péré tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ohun tó ń ná ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ róòlù láyé àtijọ́.

Nípa kámẹ́rà rírà, ìbéèrè tí àwọn ọmọdé máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì mélòó, ìyẹn mílíọ̀nù tóótòòtó mélòó, ló dára. Èmi náà á bi wọ́n pé báwo ni férémù tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri ṣe tóbi tó. Fọ́tò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8, bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní tóótòòtó 300 sí íǹṣì kan, kò gbà ju mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì mẹ́sàn-án lọ. Kámẹ́rà oní-24 tó ti di àlòkù á tẹ íǹṣì 20 láìsí wàhálà. Owó tó bá kù, kó lọ sórí lẹ́ńsì.

Lẹ́ńsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, èyí tó ń ti mílímítà 18 lọ sí 55, bí ẹ bá nà án tán, ojú rẹ̀ kì í ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú lẹ́ńsì ṣí tó). Lẹ́ńsì 50 tó ń ṣí dé f/1.8, tó sì wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Ẹni tó bá ti ya ìgbéyàwó rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí iná mànàmáná lọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹnu ọ̀nà nìkan wọlé, á mọ ohun tí ìlọ́po mẹ́wàá túmọ̀ sí. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ dípò fíìmù, kéré, lẹ́ńsì 50 yìí á fa ènìyàn súnmọ́ bí 75 tàbí 80. Ó dára fún ojú ẹnìkan, kò dára fún mọ̀lẹ́bí tó kún pálọ̀, nítorí náà ẹ má tíì sọ ti inú páálí nù.

Lẹ́yìn lẹ́ńsì, fíláàṣì ló kàn. Oòrùn ọ̀sán wa máa ń ti òkè wá tààrà. Fìlà á ju òjìji lé ojú, ẹyinjú méjèèjì á sì dà bí ihò. Fíláàṣì kékeré tí a dín agbára rẹ̀ kù ló ń dá ojú padà fún ẹni tó dé fìlà. Kánópì sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Abẹ́ kánópì búlúù, gbogbo ènìyàn á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Abẹ́ pupa, ojú gbogbo wọn á pọ́n. Fọ́tógíráfà tó gbọ́n á pe tọkọtaya bọ́ sí etí kánópì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, tí oòrùn kò sì kàn wọ́n.

Tókunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń lò, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti kọjú sí kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn onídígí tó ṣì lágbára dáadáa wà lọ́jà lówó tó rọrùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì, kí ẹ wò ó bóyá èbu ti ta okùn sí ara gíláàsì. Ẹ ya ojú ọ̀run lásán ní f/16. Bí àmì dúdú bá hàn káàkiri, ìdọ̀tí wà lórí sẹ́ńsọ̀. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀ ti ṣí, nítorí iye tí wọ́n ṣírò fún ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kò ju nǹkan bí 100,000 lọ. Ẹ ra bátìrì kejì kí ẹ tó ra àpò tó rẹwà, nítorí ìsìnkú àgbà kì í dúró de iná. Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì níta gbangba.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá wá sọ́dọ̀ mi, fóònù tirẹ̀ ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lò. Á máa ya ojú ẹnìkan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, títí á fi lè sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá láìwo òkè. Mo máa ń fi iṣẹ́ J. D. ’Okhai Ojeikere hàn án, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin wa ní 1968: orí kan, ẹ̀yìn tó mọ́, ìmọ́lẹ̀ tó tòrò. Kò sí ohun tó ṣòro nínú ohun èlò rẹ̀. Ohun tó ṣòro ni sùúrù tó fi wo ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ CAC Òkè Ìṣẹ́gun ní Eruku níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe ìdúpẹ́. Kámẹ́rà tó ń gba ìsìn náà sílẹ̀ gba ìkọlù náà pẹ̀lú, gbogbo ayé sì rí i. Ẹ̀mí ṣòfò. Ènìyàn 38 ni wọ́n kó lọ, ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba sì kéde pé wọ́n ti gba ìdásílẹ̀. Ẹ̀rí ni fídíò yẹn, kò sì yẹ kó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó wò ó láti òkèèrè, ènìyàn tó ń sá àsálà ló rí. Ọmọ ìlú tó wò ó, ará ilé àti aládùúgbò rẹ̀ ló rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbọ́ orúkọ Eruku rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Nítorí náà, fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ti ọjọ́ ọjà àti ti ẹgbẹ́ akọrin kì í ṣe iṣẹ́ kékeré mọ́ lójú mi. Àwọn ni yóò jẹ́rìí pé ìlú yìí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ayé rí lọ. Bí mo bá parí iṣẹ́ kan, ibi méjì ni mo máa ń fi í pamọ́ sí, ọ̀kan nílé, ọ̀kan níbòmíràn. Mo máa ń tẹ díẹ̀ sórí ìwé, nítorí ìwé kì í béèrè bátìrì. Mo sì máa ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti àdúgbò sí i. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lè yá kámẹ́rà, ó lè yá lẹ́ńsì. Kó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan kó tó ra ohunkóhun, kó sì máa béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó bá yà.