Férémù Méjìlá: Bí Àwọn Oníkọ́míìkì Wa Ṣe Ń Ṣírò Ọdún

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń lọ sópin, àwọn ayàwòrán tó ń ṣe kọ́míìkì fúnra wọn, tí kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń san owó oṣù fún wọn, a máa ṣe àtẹ̀yìnwò. Wọn a pín ojú àwòrán kan sí àyè méjìlá, wọn a ṣa àwòrán kan tó wù wọ́n jù nínú iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, wọn a tò wọ́n láti oṣù Kìíní dé ìkejìlá, wọn a sì gbé e sórí Instagram tàbí X kí ayé lè rí i. Àṣà náà kárí ayé, ó sì ti wọ ara àwọn ọmọ tiwa pẹ̀lú, níbikíbi tí ọ̀dọ́ kan bá ti ní tábílẹ́ẹ̀tì àti dátà.

Mo fẹ́ yẹ àṣà yìí wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, nítorí iṣẹ́ ọnà ni. Férémù méjìlá tó tẹ̀ léra wọn lójú kan náà, ojú ewé kọ́míìkì gan-an ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìtàn nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó di idà mú ní oṣù Kẹta kò mọ bàbá arúgbó tó jókòó sínú férémù oṣù Kẹrin. Kò sí ohun tó gbé wa láti ọ̀dọ̀ èkíní dé ọ̀dọ̀ èkejì. Scott McCloud, ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Understanding Comics, tó jáde ní 1993, pé inú àlàfo tó wà láàárín férémù méjì ni kọ́míìkì ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òǹkàwé ti ń fi èrò ọkàn tirẹ̀ dí ohun tí ayàwòrán kò yà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, oníkọ́míìkì tó fi férémù méjìlá tí kò so mọ́ra ṣírò ọdún rẹ̀ ti fi gbogbo nǹkan hàn wá, ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé kọ́míìkì kan tó ní ojú ewé 22, bí a bá fi férémù 5 sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, férémù 110 ni. Èyí tó máa wọ inú àtẹ̀yìnwò nínú wọn kò ju ẹyọ kan lọ, àwòrán èèpo ìwé ló tilẹ̀ sábà máa ń rọ́pò rẹ̀: akọni dúró, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ṣòro kò sí níbẹ̀. Ó ṣòro láti ya ojú ẹnìkan ní ọgọ́ta ìgbà kí ó má yí padà di ojú ẹlòmíràn. Ó ṣòro láti jẹ́ kí ènìyàn méjì jókòó sọ̀rọ̀ fún ojú ewé mẹ́ta láìsí ìjà, kí òǹkàwé má sì pa ìwé dé. Ó ṣòro láti mọ ìgbà tó yẹ kí ẹnu gbogbo ènìyàn dákẹ́ nínú férémù kan. Nínú irú nǹkan wọ̀nyí ni ọdún ayàwòrán ti ń dàgbà, mo sì gbà pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìka yí ojú fóònù kò ní dúró wò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà ayélujára ti kọ́ oníṣẹ́ láti máa fi ojú ẹni tó ń kọjá lọ wo ara rẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí a gbà ń ṣírò ọdún nínú iṣẹ́ yìí ni ìkéde pé ilé-iṣẹ́ ńlá ti gba iṣẹ́ ẹni. Níbí, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àwọn tí ìkíni tọ́ sí. Roye Okupe, tó dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé E.X.O. jáde ní 2015 pẹ̀lú owó tí àwọn ènìyàn dá fún un lórí Kickstarter. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé rẹ̀, lára wọn sì ni Iyanu: Child of Wonder tí Godwin Akpan yàwòrán rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2025, Iyanu ti di eré lórí Cartoon Network. Àwọn mẹ́ta tó dá Kugali sílẹ̀, Ziki Nelson, Hamid Ibrahim àti Tolu Olowofoyeku, láti orí pọ́dìkáàsì àti ìwé kọ́míìkì ni wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Disney, eré wọn, Iwájú, sì jáde ní oṣù Kejì 2024. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ ire fún iṣẹ́ yìí tí inú rẹ̀ kò ní dùn. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí gbogbo ayàwòrán kékeré ń bi ara rẹ̀ lópin ọdún ni pé: ta ni yóò sọ tèmi di fíìmù?

Ìbéèrè náà ń bà mí lẹ́rù, nítorí a ti rin ọ̀nà yìí rí. Ní 1976 ni Wale Adénúgà bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super, ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà òde òní ṣì ń rántí. Nígbà tó di 1984, Papa Ajasco, ọ̀kan lára àwọn èèyàn inú rẹ̀, ti kúrò lórí bébà bọ́ sínú sinimá, lẹ́yìn náà ó di eré tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé mọ̀. Ìwé náà kú, èèyàn inú rẹ̀ yè. Ọmọ tó ń fi Pa James àti Boy Alinco inú eré náà rẹ́rìn-ín lónìí kò mọ̀ pé kálàmù ló kọ́kọ́ bí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. N kò bá Adénúgà wí. Owó bébà àti ti títẹ̀wé ìgbà náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a bá ka fíìmù sí òpin ìrìn àjò kọ́míìkì, a ti gbà pé àtẹ̀gùn lásán ni ojú ewé, pé bí a bá ti gùn ún tán, a lè gbé e tì.

Bébà sì jẹ́ ọ̀ràn ńlá lóòótọ́. Ní Ìwòpín, lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta orílẹ̀-èdè yìí síbẹ̀. Méjì yòókù wà ní Jẹ́bà àti Oku Iboku. Ká ní Ìwòpín ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe pète rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni a ti ń ra bébà ìtẹ̀wé, a sì ń fi dọ́là rà á. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Láàárín ọdún 2024, ó kọjá 1,500. Ìdí nìyí tí àwọn oníkọ́míìkì fi sá lọ sórí ayélujára. Comic Republic tí Jide Martin dá sílẹ̀ ní 2013 ti rí i tẹ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn ka ìwé wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára. Ìgbésẹ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ó sì kó òǹkàwé jọ.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan kù tí kò hàn nínú férémù méjìlá, tí kò sì hàn nínú ìkéde: ta ló kà á, èdè wo ló sì fi kà á? Ní 1975, Dave Gibbons àti Brian Bolland, àwọn ayàwòrán ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya Power Man, akọni aláwọ̀ dúdú, fún ọjà Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ. Lónìí, ọmọ wa ló ń ya akọni wa. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, agbára òrìṣà ló ń lò, àdìrẹ ló wọ̀. Tó bá la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì ni, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ lára àwọn ìwé tó lókìkí.

A sì ti ní ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1967, West African Book Publishers bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń ya fọ́tò eré àwọn ẹgbẹ́ tíátà alárìnjò, tó ń tò wọ́n ní férémù tẹ̀léra, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré sókè orí wọn ní èdè Yorùbá. Ó lé ní ogún ọdún tó fi jáde. Fọ́tò ni, kì í ṣe àwòrán ọwọ́, ṣùgbọ́n kọ́míìkì ni ní gbogbo ọ̀nà tó ṣe kókó: férémù, àlàfo, ọ̀rọ̀ ẹnu, àti ìdádúró ní ibi tó dùn kí òǹkàwé lè ra èyí tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dún létí. Èébú, ìpè, òwe tí wọ́n gé láàárín nítorí ẹni tí wọ́n ń pa á fún ti mọ ìyókù, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ka Atọ́ka sí ìwé tó yẹ kí gbogbo ayàwòrán ọ̀dọ́ lọ wá kiri kí ó tó tún ra ìwé kan láti Japan.

Mo ń kọ èyí ní Ìlútítun, ìlú ọba wa, Rẹ́bùjà, ní ilẹ̀ Òṣóòrò, níbi tí a ti ń sọ ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀, nítorí náà mo ní ohun kan láti fi kún un. Ìtàn àròsọ wa sábà máa ń fi Yorùbá àjùmọ̀lò ròyìn, ẹ̀ka èdè kì í sì í rí àyè níbẹ̀. Kọ́míìkì yàtọ̀. Kò nílò aròyìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń túmọ̀ ohun tó ń sọ. Bí ìyá kan bá sọ pé òun kò ní oghó, tó na àtẹ́lẹwọ́ òfìfo síta, ará Ọ̀yọ́ tí kò gbọ́ Ìkálẹ̀ rí yóò mọ̀ pé owó ni. Bí ọmọ bá ní òun ń lọ sí ulé, ilẹ̀kùn ilé wà níwájú rẹ̀. N kò mọ irú ìwé mìíràn tó lè gbé ẹ̀ka èdè láìnílò àlàyé tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní rìn jìnnà, kí ó wo Aya de Yopougon, tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie sì yà. Àdúgbò kan ní Abidjan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ àdúgbò náà ló wà lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀, wọ́n sì to àwọn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn sẹ́yìn ìwé. Ó jáde ní 2005. Ní 2006, ó gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ tó dára jù ní àjọ̀dún Angoulême, ní ilẹ̀ Faransé.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn oníkọ́míìkì wa fún lọ́dún yìí kéré. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtẹ̀yìnwò, ẹ fi férémù méjìlá náà hàn wá láti ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kódà bí àwọ̀ kò bá sí níbẹ̀. Ẹ kọ èdè tí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ sínú wọn sí i. Ẹ sọ ìlú tí ẹ ti rí òǹkàwé, pàápàá ìlú tí kì í ṣe Èkó. Kò sì dìgbà tí owó bá pọ̀: Akínọlá Láṣẹ́kàn, ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún ìwé ìròyìn West African Pilot ní 1944 pẹ̀lú tádàwà dúdú lórí bébà funfun, gbogbo ènìyàn sì lóye rẹ̀. Ìwé olójú ewé 16, aláwọ̀ dúdú nìkan, tí wọ́n dà kọ lórí ẹ̀rọ fọ́tókópì ní Òkìtìpupa, tí wọ́n sì fi pín-ìn-nì kan láàárín, ṣeé tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù, ó sì ṣeé tà lọ́jà Ìlútítun. Bí ẹnìkan bá ṣe é ní èdè Ìkálẹ̀, mo ṣèlérí láti kọ lámèyítọ́ rẹ̀, férémù sí férémù.