“Ogun Àwítẹ́lẹ̀”: Ipò Èdè Yorùbá nínú Ìwádìí fún Ìmúbọ̀sípò Aláàbọ̀ Ara

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nígbà tí a bá ń túmọ̀ òwe yìí, apá kejì ni a sábà máa ń tẹnu mọ́, pé kí ènìyàn gbọ́n, kí ó sì tètè múra. Ní èrò tiwa, apá kìíní ni agbára òwe náà wà. Arọ kò lè sáré nígbà tí ogun bá ti ká a mọ́lé. Ohun tí yóò gbà á là ni pé kí ẹnìkan ti rí ogun náà lókèèrè, kí ó wí i lásìkò, kí ó sì wí i ní èdè tí yóò yé arọ. Bí kò bá sí àwítẹ́lẹ̀, kí ni ọgbọ́n arọ yóò dì mú?

Nínú bébà yìí, a ó fi òwe náà wo ìwádìí ìmúbọ̀sípò, èyíinì ni ìwádìí tí ń wá ọ̀nà tí aláàbọ̀ ara yóò fi lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì wà láàrin ẹgbẹ́ bí ènìyàn. A fẹ́ fi hàn pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ àwítẹ́lẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè tí a fi ṣe é, àti pé nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà kan ẹ̀ka tiwa.

2. Ẹni Òrìṣà

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, tí Ìsundunrin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìlú Òrìṣà Ògìyán ni Èjìgbò. Òrìṣà náà ni oyè ọba ìlú ti gba orúkọ rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun tí Ọbàtálá jẹ́ àgbà fún. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn bí Ọbàtálá ti mu ẹmu nígbà tí ó ń mọ ènìyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì, tí àwọn tí ó mọ ní ọjọ́ náà, abuké, àfín àti arọ, fi di ẹni òrìṣà.

Ìtàn yìí níyì. Ó mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn abirùn àti ìyá tí ó bí i, ó sì sọ ẹ̀gàn rẹ̀ di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó dáhùn ìbéèrè pé ta ni ó dá ẹni yìí báyìí. Kò dáhùn ìbéèrè pé báwo ni yóò ṣe dé oko lọ́la. Bákan náà, kò sọ nǹkankan nípa ẹni tí ó wáyé ní pípé, tí àrùn ẹ̀gbà tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ wá sọ di aláàbọ̀ ara lágbàlagbà.

3. Àpẹẹrẹ Aró

Ìgbìyànjú kan tí ó dáhùn ìbéèrè kejì yìí wáyé ní ilẹ̀ wa. Ní 1954, Dókítà T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Dípò kí a há wọn mọ́ inú ọgbà, a fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, mọ̀lẹ́bí wọn kan sì máa ń wà pẹ̀lú wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ gba ìtọ́jú. Ní 1961, Lambo àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé agbègbè náà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963.

Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé ìwádìí náà ní láti bi àwọn ará abúlé léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ń pè ní àìsàn. Ìmọ̀ ìṣègùn àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ níbẹ̀.

4. Ìwé Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Lónìí, ìwé ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ìmúbọ̀sípò fi ń wọn ìnira aláìsàn. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ lórí ẹ̀yìn ríro ni èyí tí Roland àti Morris gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Ó béèrè nípa wíwọ ìbọ̀sẹ̀ àti nípa dídi irin àtẹ̀gùn mú gun òkè ilé. Kí á gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Ìsundunrin, tí kì í wọ ìbọ̀sẹ̀, tí ilé rẹ̀ kò sì ní òkè. Yóò dáhùn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ni òun lára, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ṣùgbọ́n kò lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè mọ́, kò sì lè dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Ìwé náà yóò kà á sí ẹni tí ara rẹ̀ le.

Àwọn onímọ̀ wa kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní 2007, àwọn onímọ̀ Ìbàdàn tẹ òṣùwọ̀n tiwọn jáde fún àrùn oríkèé orúnkún àti ìbàdí, nítorí pé ti òkèèrè kò bá ìgbé ayé wa mu. A sì ti yí ìwé Roland àti Morris sí Yorùbá.

Síbẹ̀, yíyí ọ̀rọ̀ padà nìkan kò tó. Ẹ̀yìn lè máa ro ènìyàn, ó lè máa dùn ún, ó sì lè máa ta á. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo ni olùtumọ̀ yóò mú? Èyí tí ó tún le jù ni ti àṣà. Bí ọ̀dọ́ kan bá bi àgbà pé, “Bàbá, ara ńkọ́?”, “A dúpẹ́” ni èsì. Ìkíni ni ìyẹn, kì í ṣe ìròyìn nípa ara. Olùwádìí tí kò mọ èyí yóò kọ ọpẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlera, a ó sì fi irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pa ṣètò ìtọ́jú.

5. Àtakò kan

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀pá ìtìlẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ àti òfin ni aláàbọ̀ ara ń fẹ́, kì í ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀. A kò kó iyán àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 2019. Ó fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe kí aláàbọ̀ ara lè wọlé, àsìkò náà sì ti pé ní 2024. Ṣùgbọ́n ìwádìí ni ó yẹ kí ó sọ ẹni tí ọ̀pá tọ́ sí àti ẹni tí kẹ̀kẹ́ yóò rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà oko rẹ̀. Bí ìbéèrè bá ṣì, ọ̀pá yóò ṣi ọ̀nà.

6. Àgbálọgbábọ̀

Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀ àánú fún arọ. Ó gbà pé ó lọ́gbọ́n, ó sì bèèrè pé kí á wí fún un. Ojúṣe méjì ni a rí nínú èyí fún ẹ̀ka ìmọ̀ èdè. Èkíní, kí á bá àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ara jókòó nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwé ìbéèrè, kí ó má jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Èkejì, kí á rí i pé àbọ̀ ìwádìí padà sí abúlé tí a ti ṣe é, ní Yorùbá, fún ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbéèrè. Àwítẹ́lẹ̀ tí ó parí sí orí pẹpẹ ìwé ní yunifásítì kò tí ì di àwítẹ́lẹ̀. Arọ ṣì wà nílé, kò sì gbọ́.