Ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ẹrù Orí Rẹ̀: Ibo Ni Fíìmù Lè Yí Ìtàn Padà Dé?

Àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì mi ní Pobè, mo sì rò pé ó tọ́ kí n gbé e wá síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn wa yìí. Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ràn àwọn ìwé ìtàn alàwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. Ó ní fíìmù Black Panther ti dalẹ̀ ìwé tí wọ́n ti fà á yọ, nítorí pé àwọn ènìyàn inú fíìmù náà kò rí bí wọ́n ṣe rí nínú ìwé. Ọmọbìnrin kan láti Sakété dá a lóhùn pé ọ̀tọ̀ ni ìwé, ọ̀tọ̀ ni fíìmù. Nígbà náà ni ẹnì kẹta, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, na ọwọ́ sókè. Ó ní: «Olùkọ́, ìyá àgbà mi sọ fún mi pé ogun Dàhòmì ló kó àwọn ènìyàn wọn lọ. Fíìmù The Woman King sì fi hàn mí pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló ń tú ẹrú sílẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?»

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Àpilẹ̀kọ yìí ni èsì mi.

Bóyá ni ẹnìkan wà tó dàgbà ní Pobè, ní Sakété tàbí ní Kétu tí kò tíì fi ojú kan Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí. Ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde rẹ̀ pé ó jẹ́ ogún iyebíye fún gbogbo aráyé, ṣùgbọ́n àwọn baba àti àwọn ìyá wa ti mọ iyì rẹ̀ kí àjọ kankan tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo igi náà dáadáa. Apá méjì ló ní. Nísàlẹ̀ ni ojú wà: ojú tútù, ojú tó parọ́rọ́, tí agbẹ́gilére ń gbẹ́ bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti gbẹ́ ẹ. Lókè ni ẹrù orí wà, ibẹ̀ sì ni agbẹ́gilére ti ń dá ọgbọ́n tirẹ̀: ejò àti ẹyẹ, ìyá ọlọ́jà àti igbá rẹ̀, alùpùpù, àní ọkọ̀ òfuurufú pàápàá. Ẹni tó bá ní kí ẹrù orí má yí padà, eré ló fẹ́ pa. Ẹni tó bá sì yí ojú ìsàlẹ̀ padà, kó wá orúkọ mìíràn fún ohun tó gbẹ́. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn fíìmù méjèèjì tí àwọn ọmọ náà ń jà lé lórí.

Black Panther ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1966 ni Stan Lee àti Jack Kirby, àwọn aláwọ̀ funfun méjì ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé T'Challa ọba Wakanda jáde, nínú ìwé alàwòrán Fantastic Four, nọ́ńbà 52. Nígbà tí Ryan Coogler wá sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 2018, ó yí ohun púpọ̀ padà. Nínú ìwé, ẹni tí wọ́n ń pè ní M'Baku jẹ́ ọ̀tá ọba tó ń wọ awọ ìnàkí kiri, Man-Ape sì ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí ọkùnrin-ìnàkí. Fíìmù gbé orúkọ yẹn sọnù. Ó sọ M'Baku di olórí àwọn ará òkè, ẹni tó ní ìgbéraga, tó ní ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, tó sì ní ìdí tó fi ń bá ọba jiyàn. Bákan náà ni àwọn obìnrin Dora Milaje. Nígbà tí òǹkọ̀wé Christopher Priest dá wọn sílẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1998, wúńdíá tí a yà sọ́tọ̀ ni wọ́n, tí ọba lè fi ṣe aya lọ́jọ́ iwájú. Nínú fíìmù, ọmọ ogun ni wọ́n: ìtẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́, wọn kì í ṣe ìyàwó ojú ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni èyí? Ní tèmi, rárá. Ojú ìsàlẹ̀ ìtàn náà ni ọba adúláwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣẹ́gun ilẹ̀ rẹ̀ rí, tó sì gbọ́dọ̀ pinnu bóyá yóò máa fi ọrọ̀ ilẹ̀ náà pamọ́ tàbí yóò pín in fún ayé. Ojú yẹn kò yí padà. Ẹrù orí ni Coogler tún gbẹ́, ó sì gbẹ́ ẹ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ohun tó gbé sọnù jẹ́ èébú sí wa. Ohun kan tún wà tó mú kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́: kò sí ẹni tí àyípadà náà dùn dé egungun. Wakanda kò sí lórí ilẹ̀ ayé. A kò lè rí ẹnìkan láàárín Sakété àti Kétu tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ Man-Ape, tí yóò dìde láti sọ pé wọ́n purọ́ mọ́ baba ńlá òun.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran ló rí àwọn Agojie, àwọn obìnrin ológun Dàhòmì, nínú àwọn Dora Milaje wọ̀nyí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, fíìmù tó dá lórí àwọn Agojie fúnra wọn jáde. Gina Prince-Bythewood ló darí The Woman King ní ọdún 2022. Viola Davis ṣe Nanisca, olórí àwọn ọmọ ogun obìnrin náà. John Boyega, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sì ṣe ọba Ghezo. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje ọdún kan náà ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Amazone tó ga ní mítà 30 ní Kùtọnù. Láti ọdún yẹn, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Bẹ̀nẹ̀ tí kò mọ̀ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí wà.

Mo jẹ́wọ́ pé orí mi wú nígbà tí mo wo fíìmù náà. Àwọn obìnrin dúdú ni wọ́n ń pàṣẹ, tí wọ́n ń ronú, tí wọ́n ń ṣubú tí wọ́n sì ń dìde. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi jókòó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oyè jẹ. Èmi kò ní bu omi tútù sí ayọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn tí fíìmù náà sọ. Ọdún 1823 ni. Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sì ni òǹrorò tó ń kó ènìyàn tà. Nanisca rọ ọba pé kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ epo pupa. Níkẹyìn, àwọn Agojie ya wọ Ouidah, wọ́n dáná sun ibi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, wọ́n sì tú àwọn òǹdè sílẹ̀.

Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Dàhòmì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, Ghezo ló sì já ìdè yẹn. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé Ọ̀yọ́ ta ènìyàn, ó sì gba etíkun Ajáṣẹ́ tiwa níbí tà wọ́n. Ọdún 1821, ọdún méjì péré ṣáájú ọdún tí fíìmù náà mú, ni wọ́n kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ sì wà lára àwọn tó kó o. Nítorí náà, èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fọ Ọ̀yọ́ mọ́ fún wa. Kí ẹni tó bá ń wá ìtàn tí Yorùbá ti mọ́ bí ẹyin má ka àpilẹ̀kọ mi.

Ohun tó kù ló ń dà mí láàmú. Francisco Félix de Souza, olówò ẹrú, wà lára àwọn tó ran Ghezo lọ́wọ́ láti gun orí oyè ní ọdún 1818, ọba sì fi oyè Chacha dá a lọ́lá ní Ouidah. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, Ghezo kó ogun lọ bá Abẹ́òkúta, àwọn Agojie sì wà níwájú ogun náà; àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Nígbà tí ọba fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1852 pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, ọkọ̀ ogun wọn tó dí etíkun mọ́ ọn ló mú un ṣe é, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú obìnrin kankan. Kò sì pẹ́ tí òwò náà fi tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1860, lábẹ́ Glèlè ọmọ rẹ̀, ogun Dàhòmì ya wọ ìlú kan ní agbègbè Bantè ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tó ń jẹ́ Kossola wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ó rí àwọn obìnrin ológun náà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Wọ́n tà á sínú ọkọ̀ Clotilda, ó dé Alabama, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1935 láìfojú kan ilé mọ́. Ó sọ ìtàn rẹ̀ fún òǹkọ̀wé obìnrin Zora Neale Hurston, ìwé náà, Barracoon, sì jáde ní ọdún 2018, ọdún tí Black Panther jáde gan-an. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì kan náà ló fọ́ Kétu. Èyí ni ojú tó wà nísàlẹ̀. Fíìmù náà kò fi ẹrù orí nìkan dárà; ojú gan-an ló tún gbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ epo wá sílé. Àwa ará Pobè kò ṣe àjèjì sí ọ̀pẹ. Ọdún 1922 ni wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní ìlú wa. A mọ iye ọwọ́ tí epo ń fẹ́: ẹni tó ń kọ ẹyìn, ẹni tó ń ru ú, ẹni tó ń sè é, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Òwò epo gbilẹ̀ lóòótọ́ nígbà ayé Ghezo. Ṣùgbọ́n ẹrú wà lára ọwọ́ tó ṣe epo náà nínú oko ọba àti oko àwọn olówò, àwọn tó ń sọ èdè wa sì wà nínú wọn. Epo kò pa oko ẹrú run. Ó tún fi òmíràn kún un ní Dàhòmì fúnra rẹ̀ ni. Fíìmù tó bá wá sọ fún ọmọ Pobè pé epo ni oògùn tó wo ẹrú sàn, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ti wá sọ ọ́.

Àwọn kan yóò ní: «Eré ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn.» Mo gbà. Ẹjọ́ mi sì kọ́kọ́ jẹ́ ẹjọ́ eré. Ẹ wo ohun tí wọn ì bá ṣe. Kí Nanisca sọ gbogbo ohun tó sọ níwájú ọba, kí ọba sì kọ̀. Kí ó wá yan bóyá yóò tún lọ sójú ogun lọ́la tàbí kò ní lọ. Ìtàn sọ fún wa pé òǹdè pọ̀ lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n sọ di Agojie. Nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí á rí ọmọ Nàgó tí wọ́n jí gbé lóko baba rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní ogun jíjà, tí wọ́n sì rán padà lọ kó àwọn tó ń kí ara wọn ní èdè ìyá rẹ̀. Kí ni yóò ṣe nígbà tó bá gbọ́ «ẹ gbà mí o»? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára ju iná tí wọ́n sun ní Ouidah lọ. Òtítọ́ ni ìbá mú kí eré náà jinlẹ̀. Irọ́ ni wọ́n fi dẹ̀ ẹ́ lára.

Òfin tí mo wá rí fà yọ kò nira. Bí orísun bá jẹ́ àròsọ, ẹ yí i padà bó ṣe wù yín, bí ojú rẹ̀ bá ṣáà ti wà níbẹ̀. Bí orísun bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò san owó àyípadà náà. Akọrin ẹ̀fẹ̀ máa ń bu àwọn ènìyàn lóru, ó ń sọ àsọdùn, ó ń dárà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ọjà kan náà ni òun àti àwọn tó kọrin lé lórí jọ ń ná. Ìdí nìyí tí àsọdùn rẹ̀ fi ní ìwọ̀n. Àwọn tó ṣe The Woman King kò ní láti ná ọjà Kétu ní ọjọ́ kejì.

Mo mọ̀ pé ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Nàgó ló jọ jókòó nínú kíláàsì mi, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òtítọ́ kò ní tú bẹ́ǹṣì yẹn ká. Ọmọ kò jẹ̀bi ogun tí baba ńlá rẹ̀ jà. Ohun tó lè dá ìjà sílẹ̀ ni kí á ní kí ẹnìkan gbàgbé kí inú ẹnì kejì lè dùn.

Nítorí náà, èsì mi fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Wo fíìmù náà, kí o sì mú ìgboyà àwọn obìnrin náà níbẹ̀, nítorí ìgboyà wọn kì í ṣe àròsọ. Wọ́n tún fi hàn án níwájú ìbọn àwọn Faransé ní ọdún 1890 àti 1892. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn ìyá àgbà rẹ, ìyá àgbà rẹ ni kí o gbà gbọ́. Lọ jókòó tì wọ́n, kí o kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ó ti mú ojú ìwé kan àti ààbọ̀ wá fún mi. Orúkọ àwọn tí kò padà wálé ló fi bẹ̀rẹ̀.