Ìyá Kambili: Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jẹ yín ní gbèsè kan. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jọ ka Purple Hibiscus, ìwé tí Chimamanda Ngozi Adichie tẹ̀ jáde ní 2003. Ìbéèrè ìdánwò mi kò kọjá ẹ̀sìn, ìjọba ológun àti bí Kambili ṣe dàgbà. Mi ò bèèrè nípa Beatrice, ìyá ọmọ náà, rí. Mo tún ìwé náà kà lóṣù tó kọjá, ojú tì mí.

Ẹ rántí àwọn ère oníjó kéékèèké inú pálọ̀ wọn? Bí Eugene bá ti lu ìyàwó rẹ̀ tán, obìnrin yìí á mú aṣọ àti omi ọṣẹ, á máa nu ère. Kò ké, kò rojọ́. Mo máa ń ní "àmì ni" nínú kíláàsì, a ó sì kọjá. Àmì nìkan kọ́ o! Ohun tó fi ń di ọkàn ara rẹ̀ mú ni. Adichie ò dárúkọ àìsàn kankan. Ó kàn jẹ́ kí ọmọ sọ ohun tó rí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dá jù.

Eugene fọ́ tábìlì mọ́ ọn níkùn, oyún bàjẹ́, síbẹ̀ ó padà sílé. "Kí ló dé tí kò kúrò?" Àwa tá ò jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí la máa ń bèèrè báyẹn.

Àwọn kan ní májèlé tó fi sínú tíì ọkọ rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Eugene kú, lílù dáwọ́ dúró, àmọ́ ara Beatrice ò bọ̀ sípò: kò bìkítà fún ìmúra mọ́, agbára káká ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, àwọn èèyàn ní ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ ń lù tó bí ìlọ́po méjì àwọn yòókù. Adichie ti fi hàn wá ṣáájú.

Àríwísí mi kan ni pé ojú ewé tó fún ìgbẹ̀yìn Beatrice kéré jù. Àmọ́ ẹ̀bi tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ: ó kọ ọ́, mi ò kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn ọmọ yín: nígbà tí lílù parí, kí ló kù nínú obìnrin yìí?