Ilé Jaekel ní Èkó: Orúkọ Ta Ni A Pa Mọ́?

Ní Èbúté Mẹ́ta, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni nínú ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún Ilé Jaekel ti 1898 ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ náà yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá òyìnbó kan ni ilé náà ń jẹ́. Ta ni yóò pe orúkọ àwọn tó la igbó, tó sì to irin?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ojú irin Kútọnú sí Parakou, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan péré, kò kan Bantè tàbí Savalou. Ìdáàṣà ló gbà kọjá. Ọkọ̀ èrò ibẹ̀ ti dákẹ́. Kí a tó kun ọkọ̀ àtijọ́ kankan lọ́dà, ẹ jẹ́ kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Pákó ṣeé pààrọ̀. Ẹnu àgbà kò ṣeé pààrọ̀.