Ohùn Ramúramù àti Èdè Olóhùn: Lórí Àwo Orin Méjì láti Lomé

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: tí a bá yọ ohùn kúrò nínú èdè Yorùbá, kí ló kù? Kíá ni wọ́n á dáhùn pé kò sí nǹkan kan tó kù. Wọ́n á ka igba, igbá, ìgbá, ìgbà àti igbà fún mi bí ìwé ṣe kọ́ wọn. Ìgbà náà ni n ó wá ní kí ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ létí. Tán-án-ná kì í gbọ̀n nínú ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ìgbọ̀nrìrì tán-án-ná yìí ló sì ń fún wa ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ara wọn yé. Kíláàsì á wá dákẹ́.

Mi ò mọ̀ pé orin metal ló máa dá mi padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí mò ń sọ ni Arka'n Asrafokor, ẹgbẹ́ olórin láti Lomé ní orílẹ̀-èdè Tógò. Àwo wọn méjì ni ọmọ ọmọ mi gbé sórí fóònù fún mi: Zã Keli, tó jáde ní 2019, àti Dzikkuh, tó jáde ní 2024. Èdè Ewe, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọrin. Asrafo tó wà nínú orúkọ wọn, jagunjagun ni lédè Ewe. Àwọn Ewe kì í kúkú ṣe àjèjì sí wa. Èdè olóhùn bíi tiwa ni èdè wọn, ìtàn ẹnu wọn sì sọ pé Kétu ni àwọn babańlá wọn gbà kọjá kí wọ́n tó dé Notsé.

Ẹni tí kò bá gbọ́ orin metal rí, kó fojú inú wo gìtá oníná tí ohùn rẹ̀ ha bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, ìlù tó ń sáré, àti olórin tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún. Ẹ̀ka rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní progressive metal kì í jẹ́ kí orin dúró sójú kan; jáàsì lè wọ inú rẹ̀, orin ìbílẹ̀ lè wọ inú rẹ̀, orin kan ṣoṣo sì lè pa ìrìn dà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó parí. Opeth, ẹgbẹ́ kan ní Sweden, da ohùn ramúramù àti ohùn kedere pọ̀ nínú Blackwater Park ní 2001. Sepultura ti Brazil pe Carlinhos Brown, onílù láti Bahia, wá sínú Roots ní 1996. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ tó yẹ kí á pe àwọn ará Lomé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àdàpọ̀ yìí náà ni wọ́n ń ṣe.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀. Tí èèyàn bá bú ramúramù, ọ̀nà ọ̀fun á fún, ìgbọ̀nrìrì inú rẹ̀ á sì di rúdurùdu. Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ wá wo dùndún. Dùndún ní ohùn, kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ramúramù sọnù gan-an ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀.

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tún mọ ẹ̀kẹta. Láti 1855 tí Bowen ti gbé iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ìlú yìí ni orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn orin òyìnbó ti ń wá sétí wa. Ohùn orin á máa gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, a ó sì máa kọ ohun tí a kò ní lọ́kàn. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips bá àṣà yìí wí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Ní tèmi o, orin ìsìn bẹ́ẹ̀ ń purọ́ nípa ohùn. Ramúramù kàn dákẹ́ ni. Ẹni tó dákẹ́, a lè fi òye parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó purọ́ ti ṣì wá lọ́nà.

Ìdí nìyí tí àdàpọ̀ àwọn ará Lomé fi wọ̀ mí lára. Nígbà tí olórin bá ti bú ramúramù tó sì ti pa ohùn mọ́lẹ̀, àwọn elégbè á gbà á ní ohùn kedere, ohùn èdè Ewe á sì padà sípò. Níbi tí ráàpù bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á súnmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Agogo àti ìlù ìbílẹ̀ ń di òǹkà mú lábẹ́ gìtá. Ẹ̀yà orin kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tí ìkejì rẹ̀ kò lè ṣe. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àwo alámùúpọ̀ nìyẹn. Àdàlú kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ẹ̀ṣọ́ sí lórí. Nígbà tí Sunny Adé fi pedal steel sínú Juju Music ní 1982, kì í ṣe fáàrí: gìtá yẹn lè yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bíi gángan.

Mo ní àríwísí. Nínú Dzikkuh, gìtá ti wúwo jù níbòmíràn, tó fi jẹ́ pé etí mi ní láti wá agogo kiri. Orin bíi "Angry God of Earth", tí àkọlé rẹ̀ mú Ọbalúayé wá sí mi lọ́kàn, jẹ́ kí n rò ó pé ó yẹ kí èdè Ewe gba ipò tó pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní ti ohùn, Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun púpọ̀ láti pàdánù sínú ramúramù. Ibi tí ewu wà ni adùn wà.

Mo jẹ ẹnì kan ní gbèsè. Ó lé ní ogún ọdún báyìí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi pé òun fẹ́ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí bí wọ́n ṣe lè fi Yorùbá kọ irú orin aláriwo báyìí. Mo ní èdè olóhùn kò gbà á, kó lọ wá nǹkan mìíràn. Èmi tí mò ń gbé ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu, tí mo mọ̀ pé ohùn tí oníjàálá fi ń ṣeré kì í ṣe ohùn tí à ń fi ra iyọ̀ lọ́jà! Ó lọ kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí oríkì. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ kì í ṣe èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Tó bá tún kan ilẹ̀kùn mi lónìí, n ó ní kó jókòó. N ó ní kó wá gbólóhùn Yorùbá ogún, kó bú wọn ramúramù sínú ẹ̀rọ, kó sì fi wọ́n han àwọn tó gbọ́ èdè dáadáa, kí á wo iye tó máa yé wọn. Kò sí ohun tó yẹ kí olùkọ́ sọ ṣáájú ìyẹn.